Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Gbígbé Ọkọ̀ Jíìpù Sókè Nínú Ọgbà Ilé

Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí sípíríńgì ọkọ̀. Èsì mi kò gùn. Bí èdè wa bá tó sọ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa oríkì àti ìtàn àròsọ, ó yẹ kí ó tó ṣàlàyé ohun tí ó lè pa ènìyàn lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni ó mọ bí a ti ń gbé ọkọ̀ sókè. Ohun tí gíga náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni a kì í sọ fún wọn. Òun ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí.

Kí n má sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Mo ní jíìpù kékeré kan tí mo fi ń lọ sí oko. Bí òjò bá ti rọ̀, abẹ́ rẹ̀ a máa ha mọ́ ebè tí táyà lọ́rì fi sílẹ̀ láàrin ọ̀nà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan gbé e sókè nínú ọgbà mi. Inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ewúrẹ́ kan já sí wa lójú kọ́nà. Mo yí ọwọ́ ọkọ̀ kíákíá, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀ ti fúyẹ́. Kò dojú dé. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi méjì wà lẹ́yìn.

Kí ni a ṣe sí ọkọ̀ náà? Irú sípíríńgì tí ó ní ni ti ewé irin: irin pẹlẹbẹ gígùn àti kúkúrú tí a tò lé ara wọn, tí a sì dè ní àárín mọ́ ọ̀pá tí ó so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. Orí kan rẹ̀ dúró lójú kan lára sásì. Orí kejì rọ̀ mọ́ irin ìfikọ́ kékeré tí ń mì, nítorí pé sípíríńgì ń gùn sí i bí ẹrù bá ti tẹ̀ ẹ́. Bí a bá fi irin ìfikọ́ tí ó gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ara ọkọ̀ yóò ga. Àárín sípíríńgì ni ọ̀pá wà, nítorí náà bí irin ìfikọ́ bá fi íńṣì 2 gùn sí i, nǹkan bí íńṣì 1 péré ni ọkọ̀ yóò fi ga. Ọ̀nà kejì le ju èyí lọ. Nínú jíìpù bíi Suzuki SJ410, tí ó jáde ní ọdún 1981, abẹ́ ọ̀pá ni sípíríńgì gbà. Àwọn mìíràn a máa gbé e wá sórí ọ̀pá, kí ọkọ̀ lè ga púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà nìyí. Láàrin ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kókó ńlá kan wà, níbi tí àwọn jíà ìkẹyìn wà. Orí táyà ni ọ̀pá náà jókòó lé, kì í ṣe orí sípíríńgì. Kókó yìí gan-an ni ó ń ha mọ́ ebè ọ̀nà oko mi, gbogbo làálàá ọjọ́ Sátidé yẹn kò sì gbé e kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná. Táyà ńlá nìkan ni ó lè gbé e: bí táyà bá fi íńṣì 2 ga láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀, íńṣì 1 ni kókó náà yóò fi ga. Àyè tí táyà ńlá yóò gbà ni sípíríńgì tí a gbé sókè ń ṣí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí gíga ń gbà. A lè fi gíga tí àárín ìwúwo ọkọ̀ fi jìnnà sí ilẹ̀ pín ìdajì àlàfo tí ó wà láàrin táyà ọ̀tún àti ti òsì. Láti ọdún 2001 ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ààbò ojú pópó ti ń lo ìṣirò yìí láti fi han ará ìlú bí ọkọ̀ ṣe lè yí dànù tó. Bí àlàfo bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 130, tí àárín ìwúwo sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 60, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.08. Bí 60 bá di 65, ó di 1.00. Bí iye náà bá ti ń kéré sí i ni ìdojúdé ń súnmọ́ tòsí. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn.

Kò tán síbẹ̀. Rọ́bà tí ń gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè kúrú jù, kí ó sì já nígbà tí táyà bá rọ̀ sínú kòtò. Ọ̀pá gígùn tí ń gbé agbára láti jíà lọ sí ẹsẹ̀ yóò dagun ju bí a ti ṣe é lọ, yóò sì máa gbọ̀n. Ọwọ́ ọkọ̀ lè ṣàì padà sí àárín fúnra rẹ̀ mọ́. Bí táyà íńṣì 28 bá di 30, nígbà tí aago bá ń tọ́ka sí 100, kìlómítà 107 ni ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan.

Ẹni tí yóò ṣe é nílé, ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ó wá, kí ó sì fi igi dí táyà tí ó kù nílẹ̀. Kí ó fi jáàkì gbé sásì, kí ó fi àga irin tì í, kí ó sì fi jáàkì kejì gbé ọ̀pá ẹsẹ̀ dání kí ó tó tú bóòtù kankan. Kí ó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kì í ṣe àga irin. Ó ń fọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti padà dúró lórí táyà rẹ̀ ni kí a tó fún bóòtù irin ìfikọ́ pa, kí rọ́bà inú rẹ̀ má baà lọ́. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí a tún un fún.

Ní tèmi, mo dín gíga náà kù sí íńṣì 1, mo sì fi táyà tí ó fi íńṣì 2 ga sí i. Kókó náà ga ní íńṣì 1, ó sì kọjá lórí ebè. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí àwọn baba wa ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Ó wà lára irin pẹ̀lú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbọ́ ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè tí ó fi ń ronú, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró.