ÀPÓTÍ ÌYÁ MI

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ bíbí ìlú wa, sọ níwájú àpèjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ fún mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí ẹ ó máa retí lẹ́nu olùkọ́: àga tí kò tó, òrùlé tí ń jò, àti ọmọ tí kì í wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ọjà. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀, a ó sì máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ nípa àpótí kan tí mo fi ọwọ́ ara mi dáná sun.

Àpótí páànù ni, àpótí ìyá mi. Abẹ́ ibùsùn wọn ni ó máa ń wà. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ aró nígbà kan rí, ṣùgbọ́n kí èmi tó gbọ́n, ìpẹtà ti jẹ igun rẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀wé. Epo pupa ni wọ́n ń tà. Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ìwé kan tí ó kan àwa ọmọ wọn sọnù. Bí ìwé kan bá ti dé, wọn a béèrè pé, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" A ó kà á. Wọn a ní kí a tún un kà. Lẹ́yìn náà wọn a ká a, wọn a sì fi í sínú àpótí.

Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìdajì síléètì kan wà níbẹ̀, èyí tí mo fọ́ ní ọdún 1976 tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì nà mí nítorí rẹ̀. Ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Ìwé èsì ìdánwò wa wà níbẹ̀, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. Ìdì igi ìgbálẹ̀ kan wà níbẹ̀, ogún igi tí a ṣẹ́ ní ọgbọọgba, tí mo fi kọ́ ìṣirò. Òwú dúdú ni ìyá mi fi dì í. Àwọn káàdì ọdún sì wà níbẹ̀, wọ́n ju ogójì lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ iyì tí káàdì ọdún ní nígbà náà. Ẹni tí yóò fi í ránṣẹ́ yóò kọ́kọ́ lọ rà á. Yóò kọ orúkọ ẹni tí ó ń kí sí i. Yóò sì rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ́ kí Kérésìmesì kan kọjá láìfi tiwọn ránṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn oṣù kejì ni ó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́. Bí ó bá sì di ìgbà Iléyá, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí a fi tiwọn ránṣẹ́, èyí tí àwòrán Káába tàbí ti àgbò wà lára rẹ̀. Okùn kan náà ni ìyá mi ń fi gbogbo wọn kọ́ sára ògiri pálọ̀. Wọn kì í ya ti Kérésìmesì sọ́tọ̀ kúrò lára ti Iléyá.

N kò lè gbàgbé àwòrán ara àwọn káàdì Lọ́ńdọ̀nù wọ̀nyẹn: ilé kékeré kan, igi tí kò ní ewé, ohun funfun sì bo gbogbo ilẹ̀. Àwa ọmọdé jókòó, a gbìmọ̀, a sì pinnu pé òwú ni, pé àwọn òyìnbó ń sá a síta kí ó lè gbẹ. Ìgbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni mo tó kà á pé Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ káàdì Kérésìmesì fún títà, ní ọdún 1843, ṣílè kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Henry Cole ni ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, nítorí pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè kọ lẹ́tà sí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, n kò lè bá àwọn tí ń fi fóònù kí igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà wí. Ẹni tí kò ráyè ni ó dá káàdì pàápàá sílẹ̀. Ohun tí ó sọ káàdì di ohun iyebíye ní ilé wa ni pé ẹnì kan wà tí ó ń pa á mọ́.

Káàdì kan wà láàárín wọn tí kò ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n fún mi ní Kérésìmesì ọdún 1981, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹfà tí mo sì gbé ipò kìn-ín-ní. Kò sí owó fún ẹ̀bùn mìíràn. Nínú káàdì náà, ní ojú méjèèjì tí ó ṣófo, Ọ̀gá fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ orin kan síbẹ̀, ẹsẹ méje, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ mọ̀ pé orin ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohun púpọ̀. Orin ni a fi kọ́ lẹ́tà márùndínlọ́gbọ̀n tí a fi ń kọ èdè Yorùbá. Orin ni a fi kọ́ orúkọ ọjọ́, ẹ̀yà ara, àti ìmọ́tótó: ẹnu fífọ̀, èékánná gígé, ọwọ́ fífọ̀ kí a tó jẹun. Àwọn ewì J. F. Ọdúnjọ inú ìwé Aláwìíyé, bí a ti ń kà wọ́n bẹ́ẹ̀ ni a ń há wọn sórí, títí wọ́n fi di orin lẹ́nu wa.

Ìṣirò pẹ̀lú, orin ni. Ẹ wo bí èdè wa ti ń kà. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, a ń fi kún ẹ̀wá. Bí a bá ti dé 15, a kì í fi kún mọ́. Inú ogún ni a ti ń yọ ọ́: márùndínlógún, mẹ́rìndínlógún, títí dé mọ́kàndínlógún. Ọgọ́ta jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Àádọ́ta sì jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń ka owó ní èdè Yorùbá ń rò pọ̀, ó ń yọ kúrò, ó sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po, láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí igi ìgbálẹ̀ wa fi jẹ́ ogún. A ó tò wọ́n sílẹ̀, a ó máa kọrin, a ó mú márùn-ún kúrò, a ó sì pariwo orúkọ èyí tí ó kù. Ní alẹ́, ìyá mi a ní kí n wá kọ orin náà fún àwọn níbi tí wọ́n ti ń wọn epo. Wọ́n mọ ìṣirò ọjà jù mí lọ fíìfíì. Orin ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Obìnrin tí kò jókòó nínú kíláàsì rí wá mọ orin kíláàsì kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣùgbọ́n orin inú káàdì náà yàtọ̀. Orin ìlú wa ni. Ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹsẹ kìn-ín-ní ka àwọn àdúgbò tẹ̀lé ara wọn bí a ti tẹ ìlú dó. Ìkejì sọ ti ọjọ́ ọjà. Ìkẹta ka àwọn odò: èyí tí a ń mu, èyí tí a fi ń fọṣọ, àti èyí tí kì í ní omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣùgbọ́n tí í kún bo bèbè ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ìyókù sọ ti ọ̀nà oko, ti ààlà, ti igi tí a kò gbọdọ̀ gé, àti ti àwọn ìyá wa tí wọ́n fi orí ru iyanrìn tí a fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni a ń kọ ọ́, lórí ìlà, kí a tó wọ kíláàsì.

Ìyá mi kú ní ọdún 2009. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa ọmọ kó yàrá wọn. Mo ń kánjú àtipadà sẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin gbé àpótí náà jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ná." Mo ṣí i, aáyán tú jáde, ìwé ti pọ́n, ikán sì ti jẹ òmíràn. Mo ní, "Kí ni a fẹ́ fi pàǹtí ṣe?" Mo da kẹrosíìnì sí i, mo sì ṣáná sí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, olùkọ́ ni mí. Ohun tí ẹni tí kò mọ̀wé fi ju ọgbọ̀n ọdún lọ pa mọ́, èmi tí mo mọ̀wé sun ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

N kò mọ ohun tí mo ṣe títí di ọdún 2022. Ní ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ra ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú wá bá mi. Wọ́n ní, "Bàbá Tíṣà, wọ́n ní odò kan ń gba ibẹ̀ kọjá. Ibo ni ó ń gbà gan-an?" Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ gbẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kẹta. Ìlà kìn-ín-ní wá. Ìkejì wá. Lẹ́yìn náà, ẹnu mi dákẹ́. Ọ̀gá wa ti kú. Mo fóònù ẹni tí a jọ jókòó lórí àga kan náà, tí ó wà ní Ìbàdàn báyìí. Ẹsẹ kìn-ín-ní nìkan ni ó mọ̀. Ẹlòmíràn rántí ohùn rẹ̀, kò rántí ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn ọ̀dọ́ náà dúpẹ́, wọ́n lọ, wọ́n kọ́lé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó tẹ̀lé e, omi wọ ilé náà dé orókún. A dúpẹ́ pé kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. N kò sọ pé orin ìbá dá wọn dúró. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, n kò sì ní ohun tí mo lè fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin mi pé kí ni a ń pe 35 ní èdè Yorùbá. Nínú ọmọ mọ́kànlélógójì, méjì péré ni ó sọ pé márùndínlógójì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ìjọba ni ó fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ifáfitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì fi hàn pé kò pa ẹ̀kọ́ wọn lára. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Kí àwọn tí ó tó bẹ́ẹ̀ máa bá a jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba kan tí ó sun àpótí ìyá mi.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti ṣubú, mo sì ti wo ẹ̀yìn. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún.

Èkíní, bí àgbà kan bá kú nínú ilé yín, ẹ má ṣe sun ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kó yàrá rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹni tí ó mọ̀wé jókòó tì í, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, kí Ẹgbẹ́ wa ya kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́ sọ́tọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú fún káàdì, síléètì, ìwé èsì ìdánwò àti àwòrán àtijọ́. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ọdún rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì dá a padà fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún nínú gbọ̀ngàn yìí, tí ó bá mọ orin ilé-ẹ̀kọ́ kan, ìbáà ṣe ìlà kan péré, kí ó má ṣe lọ sílé láìkọ ọ́ fún ọ̀dọ́ kan tí ó ní fóònù, kí ó gbà á sílẹ̀. Ohun tí a bá rí kó jọ, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ yìí ní ọdún tí ń bọ̀.

Ní ti orin Ọ̀gá wa, ẹsẹ méje ni. Ẹsẹ kìn-ín-ní wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìlà méjì nínú ìkẹta. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àbúrò mi obìnrin, ẹni tí mo dá lóhùn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́sí, fóònù mi láti Èkó. Ó ní òun máa ń fi ẹsẹ karùn-ún rẹ àwọn ọmọ òun lẹ́kún. Ó kọ ọ́ fún mi pátápátá, kò fò ìlà kankan. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Akọ̀wé, òun nìyí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi kí ó tó tún sọnù. Ẹ̀yin tí ìyókù wà lẹ́nu yín, ẹ jọ̀wọ́, mo wà lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.