Oore Kì í Gbé: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Níbi Àyájọ́ Ẹgbẹ́ Wa

  

Wọ́n ní kí á sọ̀rọ̀ lórí bí oore àti ìgbàgbọ́ ṣe ń tún ayé ẹlòmíràn ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé olówó nìkan ló ń ṣe oore. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Ìbàdàn. Ní ọdún 1853, Anna Hinderer bá ọkọ rẹ̀, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, dé ibẹ̀. Ara rẹ̀ kò le, ibà kò fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe kò ju èyí tí àwa ìyá ń ṣe lọ: ó gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀, ó ń bọ́ wọn, ó ń kọ́ wọn níwèé àti abẹ́rẹ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè dé ní 1860, ọ̀nà dí, owó ẹyọ kò wọlé mọ́. Ẹrù ilé ni wọ́n ń tà jẹun. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kú ní 1870, ṣùgbọ́n Daniel Olúbí tó bá wọn gbé di àlùfáà ní Ìbàdàn, orúkọ obìnrin náà ni wọ́n sì fi sọ ilé ẹ̀kọ́ St Anne's títí dòní. Ǹjẹ́ ẹ rí i pé oore kì í gbé?

Ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sílé ara wa. Ọ̀kan nínú wa yáwó, oṣù mẹ́ta kọjá, kò san. Onídùúró rẹ̀ ń bínú, àwa náà sì ti pinnu pé a ó lọ kó ọjà rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló ní, "Ẹ dákun, ṣé ẹnikẹ́ni ti dé ilé ẹ̀?" Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ìgbà tí a débẹ̀, a bá ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn, àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a wó. Ojú tì wá gan-an ni.

A ò fi owó náà jì í, torí owó gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n a fún un láyè láti máa san díẹ̀díẹ̀. A pín ọjọ́ láàárín ara wa, a ń bá a jókòó ti ọjà nígbà tó bá lọ sí ọsibítù. Mùsùlùmí gbàdúrà, Kìrìsìtẹ́nì gbàdúrà. Ó san gbogbo rẹ̀ tán, kò ku kọ́bọ̀. Lónìí, tí ẹnikẹ́ni bá pa ìpàdé jẹ, òun ló máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹnìkejì láìdáa, ẹ jẹ́ kí á dé ilé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bi ọmọ tó ń kiri omi bóyá ó ti jẹun. Ìgbàgbọ́ tí kò dé ìsọ̀ ẹnìkejì, ẹnu lásán ni.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí á ṣàárẹ̀ nínú oore. Ẹgbẹ́ wa ò ní tú. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àmín.