Ẹ Má Lé Ẹni Tó Farapa Padà Sórí Pápá

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Sabon Gari, Kano

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kan àpò ẹgbẹ́, ó sì kan orúnkún àwọn ọmọ wa.

Bí ọmọ wa bá ṣubú nídìí bọ́ọ̀lù, a kì í jáfara. A ó dáwó, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Dala, a ó sì gbé ọsàn lọ kí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ó máa lọ sílé, owó tán, àbẹ̀wò tán. Ohun tí ó kù lẹ́nu wa kò ju, "Ìgbà wo lo máa gbá bọ́ọ̀lù?"

Ẹ̀yin ará, iṣan orúnkún tí ó já, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tún ṣe, ń fẹ́ oṣù 9 ó kéré tán. Iṣan tí wọ́n fi rọ́pò èyí tí ó já a kọ́kọ́ rọ̀ ná kí ó tó le. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ìrora ti lọ, ọmọ ń rìn láìlo ọ̀pá, ìyá rẹ̀ ti ń dúpẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu wà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2016, tí wọ́n ṣe ní Norway àti Amẹ́ríkà, fi hàn pé títí di oṣù 9, oṣù kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi ní sùúrù ń dín ewu ìpalára mìíràn kù tó ìdajì. Kí ó tó padà, agbára ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó 90 nínú 100 ti èkejì, kí ó sì lè fi í nìkan fò, kí ó balẹ̀ láìgbọ̀n.

Ẹnìkan á ní, ṣebí eegun ojú Osimhen fọ́ ní November 2021, tí ó sì fi ìbòjú gbá bọ́ọ̀lù ní January 2022? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a kì í fi ojú sáré. Ẹ wo Victor Boniface, tí a bí ní Àkúrẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣan orúnkún rẹ̀ já nígbà tí ó wà ní Bodø/Glimt ní Norway. Wọ́n dúró dè é. Ní 2024, ó wà lára àwọn Leverkusen tí wọ́n gba ife líìgì Jámánì láìpàdánù ìdíje líìgì kan.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn teguntegun wa. Síbẹ̀, ìdè tí ó bá le jù a máa dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà títí ẹsẹ̀ á fi kú, tí wọ́n á sì gé e.

Ẹ̀rù náà ń bẹ. Ẹsẹ̀ lè ti san kí ọkàn ṣì máa sá fún bọ́ọ̀lù. Ẹ má pè é ní ojo. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọdé, kí ó máa di fèrè mú, kí ó má baà dá jókòó sílé.

Àbá mi ni pé kí àpò ẹgbẹ́ máa san owó a daidaita sahu rẹ̀ lọ sí Dala lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́ ẹsẹ̀ ní eré ìdárayá, títí oṣù 9 yóò fi pé. Kí balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù má sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje kankan títí ìwé yóò fi ti ọwọ́ wọn wá, ìbáà jẹ́ ìdíje àṣekágbá. Mo fi í sílẹ̀ níwájú Alága. Akápò lè ṣírò iye tí yóò jẹ́.