Ajá Wo Ló Yẹ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Sin Ajá?



Púpọ̀ nínú yín tó ń gbé Ìgbẹ̀ìn ló ní oko sí abúlé. Ìgbà tí olè bá hú ẹ̀gẹ́ yín lóru, tàbí tí ọ̀yà bá ge àgbàdo, lẹ máa ń rántí pé ó yẹ kí ẹ ní ajá. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mówó jáde, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Iṣẹ́ wo ni ajá yìí yóò ṣe? Kí ni yóò máa jẹ lójoojúmọ́? Ta ni yóò máa wà pẹ̀lú rẹ̀? Bí ẹ bá ń sùn nígboro tí ajá dá wà lóko, kò ní pẹ́ di ajá ìgboro tí kò ní olúwa.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ àwọn ajá òyìnbó wò. Alsatian ti ilẹ̀ Jámánì gbọ́n, ó sì tètè ń gba ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ dída àgùntàn ni wọ́n ń lò ó fún láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá dè é mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, yóò ya ìpáǹle. Boerboel ti South Africa lè wúwo ju 60 kílò lọ. Ẹni tí kò sin ajá rí kò lè káwọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀, bó bá sì bu ọmọ aládùúgbò jẹ, ọ̀rọ̀ di ti àgọ́ ọlọ́pàá. Caucasian ní irun tó nípọn nítorí òtútù orí òkè tó ti wá, oòrùn Abẹ́òkúta yóò sì ni ín lára. Gbogbo wọn ló ń jẹun púpọ̀. Ajá tó bá ń jẹ owó iléèwé ọmọ kì í ṣe ìránṣẹ́ mọ́, ọ̀gá ni.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ajá ìbílẹ̀ wa ni mo fọwọ́ sí. Irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, ooru ti mọ́ ọn lára, oúnjẹ rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn ọdẹ wa ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ayé àwọn baba wa.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ajá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ẹ tó mú un. Ẹ wo ìyá náà dáadáa: bó bá ń bu gbogbo ènìyàn jẹ, ẹ wá ibòmíràn lọ. Ojú ọmọ ajá gbọ́dọ̀ mọ́, imú rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa ṣàn. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, aràn ló sábà máa ń fà á. Láti kékeré ni kí ẹ ti jẹ́ kó mọ adìẹ àti ewúrẹ́, kó má baà fi wọ́n ṣe ẹran ọdẹ bó bá dàgbà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kù yìí. Àrùn dìgbòlugi kò mọ ajá ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí ajá òyìnbó. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà ẹran bá ṣe là á sílẹ̀. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ yan ọjọ́ kan, ẹ kó àwọn ajá yín jọ, kí ẹ pe dókítà ẹran wá. Owó rẹ̀ yóò fúyẹ́ lọ́rùn olúkúlùkù. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, èyí tó wà ní Àlàbàtà, ní ilé ìwòsàn ẹran. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ lórí dìgbòlugi, ẹ lè mú ọjọ́ náà.

Ajá tó bá agbára yín mu, tó sì gba abẹ́rẹ́, òun ni kí ẹ sìn. Kí oko ó gbè yín o. Ó dìgbà mìíràn.