Aṣọ Wo La Ó Wọ̀ Ya Fọ́tò Àṣekágbá?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí ẹlòmíì: aṣọ tí àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn ń wọ̀ ya fọ́tò kí wọ́n tó jáde. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Nígbà tí ìjọba olóògbé Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979, ilé ìwé hù bí olú láàárín oko, láti Akínyẹlé dé Lágelú, títí dé ibi tí à ń pè ní Ẹgbẹ́dá àti Ọnà-Àrà lónìí. Ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò lè sanwó ilé ìwé rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n aṣọ fọ́tò ò sí nínú ọ̀fẹ́ o! Ẹ ń rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni.

Fọ́tò sẹ́ẹ̀tì wa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwa 46 la jọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, àwa 41 la wà nínú fọ́tò. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nínú àwọn márùn-ún yòókù. Léèsì funfun ni ìgbìmọ̀ ní ká wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀yìn igi máńgòrò lòun dúró sí lọ́jọ́ náà, tóun ń wò wá. Ìyá rẹ̀ ní àdìrẹ Ìbàdándùn kan nílé, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, ṣùgbọ́n wọ́n ní aṣọ arúgbó ni. Ẹni tó bá rí ojúlówó rẹ̀ lónìí á sanwó gọbọi!

Ẹ tún wo àsìkò tí wọ́n ń béèrè aṣọ yìí. Kí ìdánwò WAEC tó wọlé ni, nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún. Owó kòkó ti tán, àgbàdo ò tíì gbó, iṣu tuntun ò tíì jáde, gbogbo owó àgbẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an lọmọ á délé wí pé àwọn ń lọ sí Gbági, pé yunifọ́ọ̀mù ò tó, aṣọ ìbílẹ̀ ń bẹ, kóòtù àti táì ń bẹ. Mẹ́ta!

Ní Bamako, nílẹ̀ Mali, ayafọ́tò kan wà tó ń jẹ́ Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò rẹ̀ ní 1948. Ó kó kóòtù, táì, aago ọwọ́ àti rédíò síbẹ̀. Ẹni tí ò ní, á wọ tibẹ̀ ya fọ́tò, á bọ́ ọ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé àwọn fọ́tò náà kọ́ ní Paris àti New York, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ta ló ni kóòtù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí fọ́tò àkọ́kọ́ jẹ́ ti yunifọ́ọ̀mù, gbogbo ọmọ pátá, kó fọ̀, kó lọ̀ ọ́. Fún ìkejì, kí ẹgbẹ́ wa rán dàńṣíkí àti ìró òun bùbá sínú àpótí kan ní ọ́fíìsì ọ̀gá, kékeré àti ńlá, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan máa lò ó, kó máa dá a padà. Kó jẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan tó dúdú díẹ̀. Funfun máa ń kọ mànà lójú kámẹ́rà nínú oòrùn ọ̀sán, ojú ọmọ ò ní hàn mọ́. Ańkárá olódòdó ńlá sì máa ń gba ojú lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Gèlè ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ká fi sílẹ̀ fún àwọn ìyá. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ti wọgbó. Ti kíkọ ìkọkúkọ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é tí fọ́tò bá parí.

Télọ̀ méjì wà nínú wa níhìn-ín tí wọ́n ní àwọn ò ní gba owó iṣẹ́. Owó aṣọ ló kù. Akápò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìwé wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí bùbá rẹ̀ bá sì ti kéré jù fún ikùn rẹ̀ báyìí, mo rí yín o, kó mú un wá.