Ẹni Tí Ó Ń Gba Owó Ilé: Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ràn fún Àwọn Onílé Ìlọrin

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́)

Ohun tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ilé tí a fi fún ayálégbé, àti àǹfààní tí ó wà nínú fífi àbójútó rẹ̀ lé ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Nígbà àwọn baba wa, agbo ilé ni à ń kọ́. Ọmọ, aya, ìbátan, àti àlejò tí ó wá kọ́ kéwú ni ó ń gbé inú rẹ̀, owó ilé kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1967 tí Ìlọrin ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá yàrá kiri. Nígbà tí Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1975, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ibùdó rẹ̀ ńlá ní 1982, Tanke àti agbègbè rẹ̀ kún fún ilé akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí kò sí nílé. Wọ́n wà ní Èkó, ní Kánò, ní ìlú òyìnbó, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Ẹ jẹ́ kí n ti ilé tiwa bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mo ń bá wí. Bàbá wa fi ilé oníyàrá mẹ́wàá kan sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni ó sì ń gba owó rẹ̀. Kì í ṣe olè rárá. Ṣùgbọ́n kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí owó bá wọlé, ó lè fi ra páànù, ó lè fi san owó ilé ìwé ọmọ, ó sì lè fi ṣe àlejò tí ó dé lójijì. Ní ọdún kẹsàn-án, àwọn àbúrò wa obìnrin bèèrè ìpín wọn. Ọ̀rọ̀ di ìbínú. Méjì nínú wọn kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilé wa ní Iléyá fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin àáfáà mọ̀ ju mi lọ pé owó ilé olóògbé kì í ṣe ti ẹni tí ó ń gbà á. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọkùnrin kan kú, ìyá àti bàbá rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Ó fi opó kan, ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin mẹ́rin sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti yọ owó àtúnṣe, náírà 480,000 ni ilé náà mú wá lọ́dún. Opó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, èyíinì ni 60,000. Ìyókù jẹ́ 420,000: ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 84,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba 42,000. Ìṣírò yìí kò le. Ohun tí ó le ni kí a tó mọ̀ pé 480,000 ni owó náà ní tòótọ́, nígbà tí kò sí ìwé.

Ibẹ̀ ni alábòójútó ilé ti wúlò. N kò sọ nípa alágàáta tí ń mú ayálégbé wá, tí ń gba owó tirẹ̀, tí a kò sì tún rí mọ́. Àwọn tí mo ń wí ni a ń pè ní estate surveyor. Wọ́n ti ní ẹgbẹ́ láti 1969, òfin 1975 sì dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ wọn sílẹ̀. Wọn a wádìí ẹni tí yóò gba yàrá, wọn a kọ ìwé àdéhùn, wọn a fún un ní rìsíìtì, wọn a sì wo òrùlé kí òjò tó dé. Lópin ọdún, wọn a kó ìṣirò owó wá fún gbogbo ẹni tí ó ní ìpín.

Wọ́n tún ń gba onílé lọ́wọ́ ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí ayálégbé kò bá sanwó, àgádágodo ni à ń fi kún ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn mìíràn a sì ṣí páànù. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Àní ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá fi agbára lé Ojúkwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kọ́ọ̀tù; ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbè é lẹ́yìn. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ òmíràn, ẹni tí ń san owó oṣù ni a óò fún ní ìwé oṣù kan, ẹni tí ń san owó ọdún ni a óò fún ní ti oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí a tó lọ sí kọ́ọ̀tù. Bí a bá ṣi ọjọ́ kà, a óò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé owó iṣẹ́ wọn pọ̀. Ó sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé. Ẹni tí ó ní yàrá méjì tí òun náà ń gbé inú ilé kò nílò wọn, kí ó ra ìwé rìsíìtì kan kí ó sì máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lókèèrè, tàbí ilé tí ajogún rẹ̀ pọ̀, kí wọn rò ó dáadáa. Kí wọn sì bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí wọn tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí ayédèrú wà níbi gbogbo.

Ní ti ilé wa, a gba alábòójútó. Ohun tí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa ni ìwékíwèé tí ó bá ní. Ó gbé àpò kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ìwé àwọn tí ń ta páànù àti sìmẹ́ńtì ni ó kún inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, a rí i pé ó jẹ àwọn àbúrò ní owó ọdún mélòó kan lóòótọ́. A sì tún rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti fi owó ara rẹ̀ ṣe òrùlé ilé náà, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àbúrò wa méjèèjì wá sí Iléyá ọdún náà.