Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ẹ̀rọ Inú Ara?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ti Ẹgbẹ́ wa)



Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, nígbà tí a fẹnu kan ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ sínú ara àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ti rọ, ọ̀kan nínú àwọn Olóyè wa dìde, ó ní: “Bí wọ́n bá ti rán ojú egbò náà tán, tí oníṣègùn sì ti padà sí ilé rẹ̀, ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ náà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè yìí gan-an ni ó ti ń da àwọn tí wọ́n gbọ́n jù wá lọ láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Òun ni ó mú kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ Alága láti sọ̀rọ̀ lónìí.

A kò ní mú yín rìn káàkiri ayé. Ilé ìwádìí kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ó wà ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1991 ni Yunifásítì Case Western Reserve, ilé ìwòsàn àwọn ajagun-fẹ̀yìntì, àti ilé ìwòsàn MetroHealth para pọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó lófin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n P. Hunter Peckham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn fúnra wọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ nǹkan kan nípa èdè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iṣan, ni àwa ń lò fún ohun mẹ́ta tí àwọn oníṣègùn yà sọ́tọ̀: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ẹran tí ń fa egungun, àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ru ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí ara. Lónìí, iṣan ni a ó pe èyí tí ń fa egungun. Èyí tí ń ru ìròyìn ni a ó máa pè ní iṣan ìròyìn. Bí àwọn onímọ̀ èdè tí ó wà láàárín wa bá rí orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, inú wa yóò dùn láti gbà á.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ṣubú tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Iṣan apá rẹ̀ kò kú. Ọ̀pá-ẹ̀yìn tí ó jẹ́ ọ̀nà láàárín àwọn méjèèjì ni ó já. Ọba wà láàfin, ìlú kò sì tú, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kò rí ọ̀nà gbà. Apẹja tí ó bá ṣèèṣì fọwọ́ kan ẹja òjíjí nínú àwọ̀n mọ̀ pé apá òun yóò jí gìrì láìjẹ́ pé òun ni ó pàṣẹ fún un. Ohun tí àwọn ará Cleveland ń ṣe kò jìnnà sí èyí: wọ́n ń fi agbára iná mànàmáná tí ó kéré púpọ̀, tí a sì wọ̀n dáadáa, jí iṣan tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó yẹ fún. Bí iṣan ìròyìn tí ó ti ọ̀pá-ẹ̀yìn dé inú ẹran bá kú pẹ̀lú, irú agbára yìí kò lè jí i. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ sì ti gbẹ. A ní láti fi iná yìí kọ́ ọ ní iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó lè gbé ife omi.

Ní ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ọwọ́ wọn sínú ara ènìyàn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ awọ àyà; wáyà mẹ́jọ ti ara rẹ̀ jáde, wọ́n gba abẹ́ awọ lọ sí àwọn iṣan tí ń pa ọwọ́ dé tí ó sì ń ṣí i. Ẹ̀rọ inú kò ní bátìrì. Òrùka wáyà kan tí a lẹ̀ mọ́ àyà lóde ni ó ń fi ìgbì rédíò rán agbára àti àṣẹ wọlé. Bí ẹni náà bá sún èjìká rẹ̀ kejì síwájú tàbí sẹ́yìn, ọwọ́ tí ó ti rọ á dì, á sì tú. Ọ̀nà méjì ni ó lè gbà di nǹkan mú: ọ̀kan fún ṣíbí, kọ́kọ́rọ́ àti kálàmù, èkejì fún ife àti ìgò. Ẹni tí a ti ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu láti ọdún mélòó kan lè bù ú jẹ fúnra rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó bá ti ṣe àìsàn tí a sì bọ́ rí yóò mọ ohun tí èyí jẹ́.

Kí ni ó gbà láti máa darí irú ilé bẹ́ẹ̀? Olórí rẹ̀ dàbí baálé agbo-ilé kan tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò gbọ́ èdè ara wọn. Ẹnjiníà, oníṣẹ́-abẹ, nọ́ọ̀sì, àwọn tí ń kọ́ aláìsàn bí a ti ń lo ara, akọ̀wé owó: ohun tí ọ̀kan kà sí kékeré lè jẹ́ ikú lójú èkejì. Inú ara ènìyàn jẹ́ omi iyọ̀, ó sì ń jẹ irin. Bí iná bá ń lọ sí apá kan ṣoṣo láìpadà, yóò ba irin jẹ́, yóò sì pa ẹran ara; nítorí náà ìwọ̀n tí a bá rán lọ ni a gbọ́dọ̀ gbà padà. Wáyà tí a bá nà gbọnrangandan yóò ṣẹ́, nítorí apá ń ká, ó ń nà, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà; nítorí náà ni wọ́n ṣe ká a bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ kan wà pẹ̀lú tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò kí a tó fi ọ̀bẹ kan ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni náà mọ ohun tí ó fọwọ́ sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣòro jù fún àwọn ọlọ́gbọ́n ni láti béèrè kí wọ́n tó ṣe. Gbogbo ayé rò pé ìrìn ni arọ ń fẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn pàápàá kò fẹ́ràn àwòrán mìíràn ju ti ẹni tí ó dìde nínú kẹ̀kẹ́ lọ. Ní ọdún 2004, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Kim Anderson tẹ ìdáhùn ènìyàn 681 tí ọ̀pá-ẹ̀yìn wọn ti fara pa jáde. Ohun tí àwọn tí apá àti ẹsẹ̀ wọn rọ pọ̀ fi ṣáájú ni ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ti tọkọtaya wà lára ohun tí ó jẹ wọ́n lọ́kàn púpọ̀, èyí tí ojú ń tì wá láti sọ ní gbangba. Ilé tí kò bá béèrè yóò lo ogún ọdún lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Nísinsìnyí a padà sí ìbéèrè Olóyè. Ní ọdún 1997, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ ọwọ́ náà, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ NeuroControl sì ń tà á ní orúkọ Freehand. Ó ju igba ènìyàn lọ tí ó gbà á sínú ara ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ náà dá títà rẹ̀ dúró. Ẹ fetí sílẹ̀: kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ń ṣí, ó sì ń dì. Àwọn tí ó yẹ fún un ni kò pọ̀ tó láti mú èrè wá. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú ara lè wà bẹ́ẹ̀ láìní àbùkù. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ó wà lóde bá bàjẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ń rọ ọ́ mọ́, ọwọ́ tí ó ti jí yóò tún padà sùn.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀rọ ojú kan tí ń jẹ́ Argus II, tí ilé-iṣẹ́ Second Sight ní California ṣe fún àwọn afọ́jú kan, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013. Ní ọdún 2019 wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Ó ju 350 ènìyàn lọ tí ó gbà á, ó sì wà lójú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn tí kò sí ẹni tí wọ́n lè ké pè mọ́.

Lójú tiwa, ibi tí ìṣòro náà wà nìyí: owó tí ìjọba fi ń ṣe ìwádìí kì í sábà ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ kí a tó tún bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn, oníṣòwò ń ka èrè rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí a fi ẹ̀rọ sí lára ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lè gbé e fún àádọ́ta ọdún. Àwọn Olóyè tí ó wà níhìn-ín mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tí ó jẹ oyè kì í sọ pé gbèsè tí ìlú jẹ nígbà ayé ẹni tí ó ṣáájú òun kò kan òun.

Ní Cleveland, wọ́n gbìyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oníṣòwò lọ, ilé ìwádìí kò lọ. Nígbà tí ó yá, Peckham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé kan sílẹ̀ nínú Yunifásítì náà, tí wọ́n pè ní Institute for Functional Restoration, tí kì í wá èrè, kí ó lè máa mú irú ẹ̀rọ báyìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí iye wọn kéré jù lójú ọjà. Ipò olórí pẹ̀lú ti kúrò lọ́wọ́ Peckham, ó bọ́ sọ́wọ́ Robert Kirsch, iṣẹ́ kò sì dúró. Àwa kò sọ pé ètò yìí ti pé, nítorí ilé tí kò wá èrè pàápàá ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹnì kan wà tí a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Láti ibẹ̀ náà ni ìròyìn kan ti jáde ní ọdún 2017 nínú ìwé ìṣègùn The Lancet, orúkọ tí ó sì ṣáájú nínú àwọn tí ó kọ ọ́ kò ṣe àjèjì sí etí wa: Bolu Ajiboye. Ọkùnrin kan, Bill Kochevar, ti ní jàǹbá lórí kẹ̀kẹ́, ara rẹ̀ sì ti rọ láti èjìká sísàlẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ méjì tí kò tóbi ju ìdérí ìkaràhun kékeré lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú 96, sínú ọpọlọ rẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ó ń pète. Wọ́n sì fi wáyà 36 sí apá rẹ̀ ọ̀tún. Ó ronú pé kí apá òun gbéra, ó sì gbéra. Ó mu kọfí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọ̀dùnkún jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí sọ pé ìṣòro ti tán. Wáyà gba inú awọ jáde, ẹ̀rọ mìíràn ń ran apá náà lọ́wọ́ láti gbéra, kò sì sí ẹni tí ó lè gbé gbogbo rẹ̀ wọ̀ lọ sí ọjà.

A ti mú àwòrán ẹ̀rọ ọwọ́ àkọ́kọ́ náà wá, ó wà lórí tábìlì níwájú Akọ̀wé fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Bí Alága bá yọ̀ǹda, a ti ṣe tán fún ìbéèrè, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí Olóyè tí ó kọ́kọ́ bi wá ni kí ó ṣáájú.